Òòlù Ìjọba àti Kùkùté Tí Ẹnikẹ́ni Kò Béèrè

Nígbà tí mò ń múra àtikan òrùlé ilé mi ní Ìbàdàn, mo lọ sí ibi ìlagi kan láti lọ dúnàádúrà pákó. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ já ìtì igi mẹ́fà sílẹ̀ ni, afàrà mẹ́rin àti àyùnrẹ́ méjì. Èèpo ṣì wà lára wọn, oje sì ń sun lẹ́nu ibi tí ayùn gbà kọjá. Awakọ̀ jókòó lórí ọ̀kan nínú wọn, ó ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Mo kí i kú iṣẹ́, mo bi í níbi tí ẹrù náà ti wá, ó ní ìhà Ọ̀rẹ̀ ni, pé òru ni àwọn fi rìn. A kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kan fi gun alùpùpù wọlé. Ó yọ òòlù irin kan jáde láti inú ọ̀rá dúdú, ó lu ojú ìtì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, ó kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan, ó ya ìwé náà fún ọ̀gá ibẹ̀, ó gba owó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àmì tí òòlù náà fi sílẹ̀, lẹ́tà ìpínlẹ̀ mìíràn ni mo bá níbẹ̀, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ Òǹdó tí Ọ̀rẹ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá rí èyí kí wọ́n má mọ ohun tí ojú wọn rí. Èmi mọ̀ ọ́n nítorí pé ẹ̀ṣọ́ igbó ni àbúrò bàbá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ó sì fẹ̀yìn tì lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá Fọ́rẹ́sítà ni gbogbo agbo ilé ń pè é títí ó fi papò dà. Òun ló kọ́ mi pé òòlù ìjọba kì í ṣe ohun tí a fi ń gba owó nìkan. Oníṣòwò gẹdú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ka sí igi tó fẹ́ gé nígbà tí igi náà ṣì wà lóòró. Ẹ̀ṣọ́ igbó á wá fi okùn ìwọ̀n yí i ká lókè ibi tí ìdí rẹ̀ ti ya. Bí kò bá tíì tó ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀ fún irú igi bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ayùn kàn án. Bí ó bá tó, tí wọ́n sì ti san owó rẹ̀, wọ́n á gé e. Ẹ̀ṣọ́ á fi òòlù lu kùkùté, á sì fi òòlù kan náà lu ìtì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gé lára rẹ̀. Bí ìtì ti ń lọ sí ìlú ni kùkùté ń dúró sínú igbó gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá pàdé ìtì náà lójú ọ̀nà lè wo nọ́ńbà rẹ̀, kí ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà dé ìdí igi. Bàbá Fọ́rẹ́sítà ní inú àpótí onírin ni òòlù tòun máa ń wà, àgádágodo ló sì ń gbé lẹ́nu, àti pé ẹ̀ṣọ́ tí òòlù bá sọnù mọ́ lọ́wọ́ kò ní fojú kan oorun títí lẹ́tà ọ̀gá yóò fi dé.

Ohun tí mo rí ní ibi ìlagi náà ni òòlù tí kò mọ kùkùté kankan. Igi tí wọ́n gé ní ìdákọ́ńkọ́, tí a kò mọ̀ bóyá inú igbó ọba ni wọ́n ti gé e tàbí inú oko olóko, ti di igi tó bófin mu kí àwọn ará ibẹ̀ tó jẹun ọ̀sán.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa gígé igi lọ́nà àìtọ́, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgégi wọ igbó lóru ni a máa ń rò. Wọ́n wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n gé kò lè dé ọjà ńlá títí ẹnì kan yóò fi fún un ní ìwé, ẹni náà kì í sì í gbé inú igbó. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni a lè fi dán ìlànà ìjọba lórí igbó àti òfin òwò igi wò: ṣé wọ́n lè mú ẹni tó ra pákó padà dé ìdí kùkùté? Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a ní ní Nàìjíríà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe pé a kò ní òfin.

Òfin kúkú pọ̀. Láti ọdún 1899 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ní 1925 ni igbó ọba Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú di èyí tí a fi òfin dá sí. Nígbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 dé, ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀, igbó sì bá ilẹ̀ lọ. Ìwé òfin ìlú ti ọdún 1999 sọ ní abala 20 pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko ìgbẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni iṣẹ́ náà gan-an wà. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà orílẹ̀-èdè lórí igbó jáde ní 2006. Ọ̀rọ̀ tó dára wà nínú rẹ̀, nípa gbígbin igi, nípa fífún àwọn ará abúlé ní ipa nínú ìtọ́jú igbó, nípa kí a má gé ju ohun tó ń hù lọ. Àmọ́ ìlànà ni, kì í ṣe òfin. Adájọ́ kò lè fi rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n, kò sì lè fi pàṣẹ fún gómìnà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin igbó tirẹ̀, owó tó ń gbà lórí igi, àti òòlù tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí èyí túmọ̀ sí lórí ilẹ̀. Igbó Ọmọ wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó Olúwa wà ní Òǹdó, igbó Ṣaṣa wà ní Ọ̀ṣun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá ara wọn pààlà. Igi tó bá ṣubú lápá ìhín lè gba òòlù lápá ọ̀hún kí ó tó di ọ̀la, pàápàá bí owó tí wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún bá kéré sí ti ìhín. Kò sí ìwé kan ṣoṣo tí ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ kan lè ṣí kí ó fi mọ̀ bóyá òòlù ìpínlẹ̀ kejì tó rí lára ìtì bá igi kan mu níbì kan. Ó wo àmì, ó wo ìwé, ó gbé igi ojú ọ̀nà sókè, ọkọ̀ kọjá.

Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ sọ láìfepo bọyọ̀. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń wo igbó bí ibi tí owó ti ń wọlé. Bí a bá ń fi iye tí ẹ̀ṣọ́ igbó pa wọlé lóṣù díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, ta ni yóò yà á lẹ́nu pé inú ẹ̀ṣọ́ máa ń dùn bí ọkọ̀ bá pọ̀? Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ń pè ní J4 nínú igbó Ọmọ mọ oko igi gmelina, igi àtòkèèrè tó ń yára dàgbà, tí ìjọba gbìn síbẹ̀ kí ó lè máa bọ́ ilé iṣẹ́ bébà Ìwópìn. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣe bébà tí a torí rẹ̀ gbìn ín, igi sì ti dàgbà, wọ́n wá ń gé e tà fún pákó. N kò ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan. Mo kàn ń fi hàn pé ìlànà ilé iṣẹ́ àti ìlànà igbó lè máa gbé inú ìlú kan náà kí wọ́n má sì mọ ara wọn.

Ní ti òwò tó kọjá sí òkè òkun, láti 1976 ni Nàìjíríà ti ní kí a má kó ìtì igi jáde mọ́. Títí di òní, gẹdú wà lára àwọn ohun tí àwọn aṣọ́bodè kọ sínú ìwé pé a kò gbọdọ̀ kó jáde, ìbáà jẹ́ àìlà tàbí èyí tí a ti là. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ wá gbọ́ ìtàn kosso.

Igi ọ̀dàn ni kosso. Pterocarpus erinaceus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, madobiya ni àwọn Hausa ń pè é. Ìbátan osùn ni, osùn tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ láti fi kun ara ìyàwó àti ọmọ tuntun. Pupa inú igi náà ló mú kí ó wu àwọn ará Ṣáínà, nítorí irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń kan àga àti àpótí olówó ńlá tí wọ́n ń pè ní hongmu. Ṣáájú nǹkan bí ọdún 2013, ta ló mọ Nàìjíríà nídìí òwò yìí? Láàárín ọdún díẹ̀, a di orílẹ̀-èdè tó ń kó ìtì irú igi bẹ́ẹ̀ jáde jù lọ láyé. Àjọ Environmental Investigation Agency, tí kì í ṣe ti ìjọba, tó sì ń tú àṣírí ìwà ọ̀daràn sí àyíká, tọpinpin ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì kọ ọ́ nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kọkànlá 2017 pé ní 2016, kọ̀ǹténà tó lé ní 40 ló ń gba èbúté wa lọ sí Ṣáínà lójoojúmọ́. Igi Taraba, Kogí, Cross River àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ni. Báwo wá ni ìtì igi tí òfin ti kọ̀ láti 1976 ṣe ń jáde? Wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó rí bí búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì pè é ní igi tí a ti ṣe iṣẹ́ sí lára. Òfin ń wo ìrísí igi; kò bi igi léèrè ibi tó ti wá.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, pàdé ní Johannesburg ní 2016, wọ́n sì fi kosso sínú ìpele kejì àdéhùn náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní 2017. Ìpele kejì kò fòfin de òwò. Ohun tó béèrè ni pé kí ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, kí ó ti rí i dájú pé a kò rú òfin kí a tó rí igi náà, kí àwọn onímọ̀ sì ti jẹ́rìí pé kíkó o jáde kò ní pa irú rẹ̀ run. Ìbéèrè méjèèjì yìí, inú igbó nìkan ni a ti lè dáhùn wọn. Ṣùgbọ́n ní àkókò náà, ìtì igi tó lé ní mílíọ̀nù 1.4, tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 300 dọ́là, ti wà ní èbúté Ṣáínà tí wọn kò jẹ́ kí ó wọlé nítorí àìníwèé. Ní oṣù Kìíní 2017 yìí kan náà, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn náà ti wí, a fọwọ́ sí nǹkan bí 4,000 ìwé àṣẹ ní Àbújá fún wọn, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí mínísítà àyíká ìgbà náà tó fi ipò sílẹ̀. Mínísítà náà sọ pé òun tẹ̀lé òfin, n kò sì jókòó síhìn-ín láti ṣe adájọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé ni ó ká mi lára. Wọ́n ti gé igi, ó ti gun ọkọ̀ ojú omi, ó ti la òkun kọjá, ó ti sọ̀ kalẹ̀, kí ìwé tó yẹ kí ó ṣáájú ayùn tó dé. Ọkùnrin alùpùpù tí mo rí ní Ìbàdàn ni mo rántí nígbà tí mo kà á: òòlù òun lu ìtì mẹ́fà, ti Àbújá lu mílíọ̀nù kan ó lé.

Ní 2018, ìgbìmọ̀ CITES dábàá pé kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù má ra kosso lọ́wọ́ Nàìjíríà mọ́. Ní 2022, wọ́n nà án dé gbogbo orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí igi náà ń hù sí. Wọn kò ṣàṣejù. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ti ilẹ̀kùn, aládùúgbò rẹ̀ ló ń ṣí. Gánà fòfin de kosso lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, igi ṣì ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni Gáńbíà tí kosso tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó o jáde ní yanturu, láti Casamance ní Sẹ̀nẹ̀gà.

Àwọn tó ń ra igi náà kò kàn káwọ́ lẹ́yìn. Amẹ́ríkà tún òfin Lacey, òfin rẹ̀ lórí òwò ẹranko àti igi tí a jí, ṣe ní 2008 kí ó lè mú ẹni tó bá kó igi tí a jí gé wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkèèrè ni wọ́n ti jí i. Òfin gẹdú ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta 2013. Ṣáínà fúnra rẹ̀ tún òfin igbó rẹ̀ kọ. Láti oṣù Keje 2020, ó lòdì sófin níbẹ̀ láti ra igi tí ènìyàn mọ̀ pé wọ́n jí gé, tàbí láti là á, tàbí láti gbé e. Ọ̀rọ̀ "mọ̀ pé" yẹn fẹ̀ tó ọ̀nà erin, ṣùgbọ́n ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò òkèèrè ni àdéhùn lórí òwò igi tí Gánà bá Yúróòpù ṣe ní 2009. Kì í ṣe nítorí Yúróòpù, nítorí ohun tó sọ di dandan nílé ni. Kí wọ́n tó gé igi ní Gánà, wọ́n gbọ́dọ̀ ti wọ igbó lọ ka igi, kí wọ́n fún igi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí wọ́n fi ibi tó wà sórí àwòrán ilẹ̀. Nọ́ńbà náà ni yóò wà lórí kùkùté, òun ni yóò wà lórí ìtì, òun ni wọn yóò fi tọpa rẹ̀ dé ilé ìlagi àti dé èbúté. Bí nọ́ńbà kan bá yọjú lẹ́ẹ̀mejì, kọ̀ǹpútà á fi hàn. Ohun tí Bàbá Fọ́rẹ́sítà ń ṣe pẹ̀lú òòlù àti ìwé ni, wọ́n kàn fi kún un kí ẹnikẹ́ni má baà lè gbé òòlù rẹ̀ pamọ́ sínú ọ̀rá. Nàìjíríà kò bá wọn ṣe irú àdéhùn yìí.

Ṣùgbọ́n àlébù kan wà nínú ti Gánà tí ó yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Láti 1998 ni wọ́n ti fòfin de fífi ẹ̀rọ ìgégi la pákó fún títà nínú igbó, síbẹ̀ irú pákó bẹ́ẹ̀ ló kún inú ọjà wọn nílé, nítorí pé kò wọ́n. Igi tó ń lọ sí Yúróòpù ní nọ́ńbà, igi tí wọ́n fi ń kan òrùlé ní Kumasi kò ní. Ní ti Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú gẹdú tí a ń gé, ilé la ti ń lò ó. Ẹ rántí Òkò Bàbá, ibi ìlagi ńlá ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí ìtì igi tí a so pọ̀ ti gba ojú ọ̀sà wọlé láti ìhà Òǹdó àti Ògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ di ilẹ̀kùn, igi àjà, ibùsùn àti pákó káńkéré ilé alájà. Òfin tó dúró sí èbúté Àpápá kò lè rí wọn, nítorí wọn kò ní í gba ibẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí, ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe òfin tuntun lórí kíkó igi jáde. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ mú. Ilé ẹ̀kọ́ ni ìjọba ń kọ́, ọsibítù ni, tábìlì àti bẹ́ǹṣì ọmọ iléèwé ni. Kò sì sí agbaṣẹ́ṣe kan tí mo mọ̀ tí wọ́n bi léèrè rí pé níbo ni pákó yìí ti wá. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ má san owó pákó tí kò bá ní nọ́ńbà kùkùté, kí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù sì ní ìwé kan ṣoṣo tí wọn yóò jọ máa kọ òòlù wọn sí, tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí fóònù. Kò nílò Àbújá. Àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti jọ dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Ìwé òòlù kò le tó ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ náà wà ńbẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń kọ ìlànà gbọ́ ọ dáadáa. Igi ìrókò tó hù láàárín kòkó bàbá àgbẹ̀ kan, bí ìwé àṣẹ bá dé láti ìlú, oníṣòwò san owó fún ìjọba, igi wó lu kòkó, àgbẹ̀ gba owó tí kò ra ajílẹ̀ ọdún kan. Ẹni tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan, kò ní dúró kí ìrókò kejì dàgbà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, wọ́n ní bó bá dàgbà tán apá kì í ká a mọ́. Àgbẹ̀ òde òní ń pa ìrókò ní kékeré nítorí pé bó bá dàgbà tán, ti ẹlòmíràn ni. Bí òfin bá fún un ní ìpín gidi nínú owó igi tó dá sí lóko rẹ̀, òun gan-an ni yóò jẹ́ ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ tí yóò bá agbégi lòdì, nítorí ó ń rí kùkùté lójoojúmọ́.

Kí ẹ má baà rò pé mo mọ́ ju ẹlòmíràn lọ: mo ra pákó náà. Àwọn káfíńtà ti gba owó àsansílẹ̀, òjò sì ti ń ṣú. Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í la ìtì afàrà àkọ́kọ́, wọ́n gé orí rẹ̀ díẹ̀ kí ó lè bá gígùn tí mo fẹ́ mu, ègé tí wọ́n gé sọnù yẹn gan-an sì ni àmì òòlù wà lára rẹ̀. Pákó tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ègé náà. Ọ̀gá ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ máa mú un lọ, sà, igi ìdáná ni."

Orí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé ni ó wà báyìí. Opó Bàbá Fọ́rẹ́sítà, tí a ń pè ní Màmá Olókèméjì nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí àkọ́bí wọn, wá kí wa lóṣù tó kọjá. Ó mú un, ó fi àtàǹpàkò nu ojú àmì náà, ó gbé e jìnnà sójú kí ó lè ríran kà á.

"Òòlù ni èyí. Kùkùté rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà."